Ẹ Jọ̀ọ́, Ẹ Má Fi Òǹtẹ̀ Lu Òkùnkùn Mọ́

Lẹ́tà ṣíṣí sí gbogbo òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń yẹ àwòrán ilé wò kí wọ́n tó fọwọ́ sí i, ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, Ọ̀ṣun, Ògùn, Oǹdó, Èkìtì àti Èkó

Ẹ̀yin ọ̀gá mi lọ́kùnrin àti lóbìnrin,

Mo kí yín, ẹ kú iṣẹ́ ìlú. Iṣẹ́ aṣọ rírán ni mo ń ṣe ní Ìbàdàn, ó sì ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tí mo ti di abẹ́rẹ́ mú. N ò kọ́ iṣẹ́ ilé yíyà, n ò sì lè túmọ̀ gbogbo ìlà tó wà lórí bébà ńlá tí àwọn ènìyàn ń ká wá síwájú yín. Àmọ́ ohun kan wà tí aránṣọ mọ̀ dunjú, ohun náà ni ìmọ́lẹ̀. Bí òwú dúdú bá wà lọ́wọ́ ọ̀tún mi, tí òwú aláwọ̀ aró tó ki wà lọ́wọ́ òsì, kò sí gílóòbù tó lè fi ìyàtọ̀ wọn hàn mí bó ṣe yẹ. Ẹ lọ sí ọjà aṣọ ní Gbági, ẹ wo obìnrin tó fẹ́ ra léèsì. Kò ní sanwó nínú ṣọ́ọ̀bù. Yóò ní kí wọ́n jẹ́ kí òun gbé e síta, yóò nà án sójú oòrùn, yóò yí i síbìí, yóò yí i sọ́hùn-ún, lẹ́yìn náà ni yóò tó bẹ̀rẹ̀ sí í ná an.

Ẹ̀yin ni mo kọ̀wé sí nítorí pé ẹ̀yin lẹ ń pinnu bóyá oòrùn yóò wọ ilé tàbí kò ní wọ̀ ọ́. Kí bíríkìlà tó gbé bùlọ́ọ̀kù àkọ́kọ́ lélẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti parí, lọ́jọ́ tí òǹtẹ̀ yín balẹ̀ lórí bébà.

Ní 2011, mo gba ṣọ́ọ̀bù kan nínú pílásà tuntun. Ìlà méjì ni ṣọ́ọ̀bù ibẹ̀, wọ́n kọjú síra wọn, ọ̀nà tóóró kan la àárín wọn kọjá, páànù sì bo gbogbo rẹ̀ láti ẹnu géètì dé ìdí ògiri ẹ̀yìn. Kò sí fèrèsé kankan lẹ́yìn, torí pé ògiri pílásà àti ògiri ilé kejì fẹ́rẹ̀ẹ́ fẹnu kora. Lọ́jọ́ tí mo lọ wò ó, iná wà, gbogbo nǹkan ń dán. Ọjọ́ kẹta tí mo kó ẹ̀rọ ìránṣọ mi débẹ̀ ni wọ́n mú iná lọ, òru sì dé bá wa ní aago méjìlá ọ̀sán. Àwọn àgbà ní òru ò mọ ẹni ọ̀wọ̀. Nínú ọ̀nà tóóró yẹn, mo fi èjìká gbá ẹni tó tó bàbá mi í bí, n ò sì mọ̀ títí ó fi fọhùn. Ojú tì mí débi pé mo kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ níbẹ̀, bàbá náà ò tilẹ̀ rí i pé mo kúnlẹ̀.

Nígbà tí mo lọ bá onílé, ó ṣí fáìlì, ó mú àwòrán jáde. Òǹtẹ̀ ìjọba wà níbẹ̀ fòò. Ó ní, "Màmá, ṣé ẹ rí i? Wọ́n fọwọ́ sí i." N ò rí èsì kankan fọ̀.

Gbogbo wa ra jẹnẹrétọ̀ kéékèèké, a tò wọ́n sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù. Ariwo wọn kì í jẹ́ ká gbọ́ ohun tí oníbàárà ń sọ. Èéfín wọn ò rí ibi gbà jáde, a sì mọ̀ pé irú èéfín bẹ́ẹ̀ máa ń pa ènìyàn nínú ilé tó sé. Nígbà tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù Karùn-ún 2023, owó epo bẹntiróòlù mi fẹ́rẹ̀ẹ́ bá owó ṣọ́ọ̀bù dọ́gba. Lọ́sàn-án ni o! Oòrùn ń ràn lórí páànù bí ẹni pé yóò yọ́ ọ, èmi sì wà lábẹ́ páànù kan náà, mo ń sanwó epo kí n lè rí ihò abẹ́rẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ díẹ̀ fún yín nípa ilé tí wọ́n bí mi sí, ní ìsàlẹ̀ Òkè Mápó. Agbo ilé ni. Yàrá tò yí àgbàlá ká, òrùlé sì dà sínú, tó fi jẹ́ pé bí òjò bá rọ̀, inú àgbàlá ni omi ń dà sí, àwọn ìyá wa á ti to ìkòkò dè é. Láàárín yàrá àti àgbàlá ni ọ̀dẹ̀dẹ̀ wà. Òrùlé bò ó, ṣùgbọ́n iwájú rẹ̀ ṣí sílẹ̀ gbayawu. Inú ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn ni a ti ń gbé ayé wa. Ibẹ̀ ni ìyá bàbá mi ti ń ran òwú, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣa ẹ̀wà, ibẹ̀ ni ààfáà ti ń kọ́ wa ní wàláà, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń parí ìjà tọkọtaya. Ìmọ́lẹ̀ ibẹ̀ kì í gún ojú, nítorí pé oòrùn kì í já lé ẹni lórí. Ilẹ̀ àgbàlá ló máa ń kọ́kọ́ bà lé, ibẹ̀ ló sì ti ń ṣẹ́rí padà wọlé tọ̀ wá. Abẹ́ ìmọ́lẹ̀ yẹn ni mo ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi òwú sí abẹ́rẹ́, n kò tíì pé ọmọ ọdún méje.

N ò ní parọ́ fún yín, yàrá inú ilé náà ṣókùnkùn. Fèrèsé òmíràn kò ju ihò tí orí ọmọdé lè gbà lọ, òmíràn ò sì ní rárá. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń jókòó síbẹ̀ lọ́sàn-án. Ibi oorun ni, ibi ìpamọ́ ẹrù ni, ó sì máa ń tutù. Àṣìṣe wa ni pé a mú yàrá tó ṣókùnkùn yẹn dání wọ ayé òde òní, a sì fi àgbàlá sílẹ̀ sẹ́yìn. A wá ń sọ pé kí ọmọ wa máa kàwé níbi tí bàbá bàbá wa ń kó iṣu pa mọ́ sí.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ kò ṣòro láti tọ ipasẹ̀ rẹ̀. Àwọn Àgùdà tó ti Bùràsíìlì padà sí Èkó láàárín ọdún 1800 sí 1900 mú irú ilé mìíràn wá: ọ̀nà kan láàárín, yàrá lọ́tùn-ún lósì. Ọ̀mọ̀lé ni wọ́n. Ẹni tó bá ti dé Mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey tí wọ́n ṣí ní 1894, iṣẹ́ ọwọ́ João Baptista da Costa, yóò mọ̀ pé wọn ò fi fèrèsé ṣeré rárá. Nínú ilé wọn, fèrèsé gíga kọjú síta, ọ̀nà àárín sì ṣí lẹ́nu méjèèjì kí atẹ́gùn lè kọjá. Àwa tó wò wọ́n kọ́ṣẹ́ ló dí i pa. Ilẹ̀ di ọ̀wọ́n, a fi yàrá kún yàrá, a fa ògiri dé ìdí ilé aládùúgbò, a fi ilé ìdáná dí ẹnu ọ̀nà kan, a fi ilé ìwẹ̀ dí èkejì. Ohun tó kù ni ilé tí gbogbo ayálégbé mọ̀, fésì-mí-àí-fésì-yú, tí ènìyàn ti ń tan tọ́ọ̀ṣì wá kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́ kí oòrùn tó wọ̀.

Inú irú òkùnkùn bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sì ti bí iṣẹ́ yín, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Ní 1924, àjàkálẹ̀ àrùn tí eku ń gbé kiri bẹ́ sílẹ̀ l'Ékòó. Ilé tó fún mọ́ra, tí atẹ́gùn àti oòrùn ò ráyè wọ̀, wà lára ohun tí wọ́n dá lẹ́bi, ìjọba amúnisìn sì dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ ní 1928 láti tún ìlú náà tò. N ò yin bí ìgbìmọ̀ yẹn ṣe wó ilé àwọn ará Ìsàlẹ̀ Èkó láti 1955, tí wọ́n kó ọ̀pọ̀ ìdílé lọ sí Sùúrùlérè láìbìkítà nípa ọjà àti oúnjẹ òòjọ́ wọn. Ṣùgbọ́n ìdí tí wọ́n fi dá a sílẹ̀ kò tíì kúrò nílẹ̀. Ikọ́ ẹ̀gbẹ ṣì wà láàárín wa, kòkòrò tó ń fà á kì í pẹ́ kú lójú oòrùn, yàrá tó sé ló sì fẹ́ràn jù láti tàn kálẹ̀.

Mo mọ èsì tí ẹ máa fọ̀: ooru. Òótọ́ ni. Ẹni tó bá rí i lórí fóònù bí wọ́n ṣe ń fi dígí ṣe òrùlé ní Yúróòpù, tó wá fẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ní Òṣogbo, iná ló fẹ́ dá sórí ara rẹ̀. Lọ́hùn-ún, oòrùn máa ń gba ẹ̀gbẹ́ ojú ọ̀run kọjá, ooru rẹ̀ sì ni wọ́n ń wá kiri. Níbí, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ló ń dúró sí àtàrí wa gan-an. Fún ará Ìbàdàn, ìyẹn bọ́ sí nǹkan bí ọjọ́ kẹjọ oṣù Kẹrin àti nǹkan bí ọjọ́ kẹrin oṣù Kẹsàn-án. Láàárín oṣù méjèèjì yìí, apá àríwá ló ń gbà kọjá lọ́sàn-án. Nínú oṣù yòókù, apá gúúsù ni. Èyí tó ń dá wa lóró jù ni ti òwúrọ̀ láti ìlà oòrùn àti ti ìrọ̀lẹ́ láti ìwọ̀ oòrùn, torí pé ó máa ń rẹlẹ̀ gba fèrèsé wọlé tààrà, kò sí etí òrùlé tó lè dá a dúró.

Ohun tó yẹ kó fọkàn wa balẹ̀ ni pé ìmọ́lẹ̀ tí a nílò kò pọ̀ rárá. Lọ́sàn-án gangan níta, ìmọ́lẹ̀ lè tó 100,000 lórí òṣùwọ̀n tí wọ́n ń pè ní lux. Yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ kò nílò ju nǹkan bí 300 sí 500 lọ. Ihò kékeré ló tó, bí a bá mọ ibi tí a máa dá a sí. Èmi fúnra mi kò mọ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà tí mo kọ́kọ́ gbìyànjú.

Mo bẹ onílé títí ó fi gbà fún mi. Kápẹ́ńtà yọ odindi páànù méjì lókè orí ṣọ́ọ̀bù mi, ó fi páànù ike tó mọ́ gaara bíi dígí rọ́pò wọn, ó sì gé àjà tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ọjọ́ náà, mo sunkún. Mo rí gbogbo òwú mi, mo rí eruku tí mo ti ń bá gbé láti ọjọ́ yìí. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí mo fi mọ̀ pé mo ti ṣe é ní àṣejù. Ṣọ́ọ̀bù gbóná bí ààrò, aṣọ oníbàárà kan tí mo gbé kọ́ sábẹ́ rẹ̀ sì ṣá lápá kan. Mo san owó aṣọ náà. Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ dé, omi gba ẹsẹ̀ ìṣó wọlé.

Àtúnṣe tí a ṣe nìyí. A dá páànù kan padà, a bo èkejì títí ihò rẹ̀ fi ku ìwọ̀n gígùn apá ènìyàn kan. Kápẹ́ńtà míì tó mọ iṣẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ibi tó ga lára páànù ni kí wọ́n máa gbá ìṣó sí, pẹ̀lú rọ́bà lọ́rùn rẹ̀, kì í ṣe inú kòtò tí omi ń ṣàn gbà. Ó sì jẹ́ kí páànù kan gun èkejì dáadáa. Èmi wá fi ọgbọ́n iṣẹ́ tèmi kún un. Mo na aṣọ funfun fẹ́lẹ́ sábẹ́ ihò àjà, ìmọ́lẹ̀ sì dẹwọ́, ó tàn dé gbogbo igun bíi ti ọ̀dẹ̀dẹ̀ ìyá bàbá mi. Mo ní kí wọ́n fi irin há abẹ́ rẹ̀ nítorí olè. Lẹ́yìn ọyẹ́ lọ́dọọdún, ọmọ iṣẹ́ mi a gun àkàbà, a fi omi ọṣẹ nù ún. Páànù tó kọ́kọ́ wà níbẹ̀ ti pọ́n bíi tíì lẹ́yìn ọdún díẹ̀, nítorí pé èyí tó rọjú ni mo rà. Èyí tó le, tí oòrùn kì í tètè bà jẹ́, ló wà níbẹ̀ báyìí. Láti aago mẹ́jọ àárọ̀ títí di aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, n kì í tan iná kankan, àfi lọ́jọ́ tí òjò bá ṣú gan-an.

Bí mo bá tún ilé kọ́ lónìí, n ò tilẹ̀ ní fi páànù gaara ṣe é. Màá ní kí wọ́n gbé àárín òrùlé sókè díẹ̀ ju ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ, kí ògiri kúkúrú wà láàárín òrùlé ìsàlẹ̀ àti ti òkè, kí fèrèsé wà lára ògiri náà, èyí tó kọjú sí àríwá àti gúúsù, kí etí òrùlé yọ síwájú bò wọ́n. Ooru tó bá gòkè á gba ibẹ̀ jáde, ìmọ́lẹ̀ á gba ibẹ̀ wọlé, òjò ò ní rí wa. Fún ọjà, èyí dára ju ike lọ, torí pé a mọ bí iná ṣe ń jó ọjà wa, ike sì máa ń gbiná.

Ẹ má rò pé nǹkan olówó ni mo ń bèèrè. Ní Uberaba ní Bùràsíìlì, mẹkáníìkì kan tó ń jẹ́ Alfredo Moser ronú kan nǹkan ní 2002, nígbà tí iná ń ṣe ségesège ní ìlú wọn. Ó mú ìgò ike oníwọ̀n lítà méjì, ó rọ omi kún un, ó da ìdérí méjì oògùn tí wọ́n fi ń fọ aṣọ funfun sí i kí omi má baà di àwọ̀ ewé, ó sì ti ìgò náà bọ ihò òrùlé, ìdajì níta, ìdajì nínú ilé. Bí oòrùn bá mú, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ máa ń tó ti gílóòbù kan tó jẹ́ wáàtì 40 sí 60. Ọgbọ́n náà ti dé ilé àwọn mẹ̀kúnnù ní Philippines àti ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ mìíràn. Omi ni, ìgò ni.

Ìtàn tó wọ̀ mí lọ́kàn jù lọ ni ti Diébédo Francis Kéré, ọmọ abúlé Gando ní Burkina Faso. Yàrá tó gbóná tó sì ṣókùnkùn, tí ọmọ lé ní ọgọ́rùn-ún fún mọ́ra nínú rẹ̀, ló ti kàwé nígbà èwe rẹ̀. Ó di ayàwòrán ilé, ó padà sí abúlé rẹ̀, ó sì kọ́ iléèwé fún wọn, èyí tí wọ́n parí ní 2001. Nígbà tó kan ilé ìkàwé, ó ní kí àwọn ìyá abúlé kó ìkòkò amọ̀ wọn wá. Wọ́n gé ìsàlẹ̀ àti òkè ìkòkò náà, wọ́n tò wọ́n sínú àjà, wọ́n sì da kọnkéré yí wọn ká. Ihò ìkòkò ni ìmọ́lẹ̀ àti atẹ́gùn ń gbà wọlé bá àwọn ọmọ. Ní 2022, wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Pritzker, ẹ̀bùn tó ga jù lọ nínú iṣẹ́ ilé yíyà, òun sì ni ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó gbà á. Ṣé ìkòkò wọ́n wa ní ilẹ̀ Yorùbá ni? Àwọn ìyá Ìlọrin ṣì ń mọ ọ́n lójoojúmọ́.

Àpẹẹrẹ sì wà nítòsí yín, ẹ lè fẹsẹ̀ rìn débẹ̀. Mo ti gbé aṣọ lọ fún oníbàárà ní Yunifásítì Ìbàdàn lọ́pọ̀ ìgbà. Maxwell Fry àti ìyàwó rẹ̀ Jane Drew, àwọn ará Gẹ̀ẹ́sì, ló ya àwọn ilé àkọ́kọ́ ibẹ̀. Ẹ lọ dúró sínú ilé ìkàwé Kenneth Dike lọ́sàn-án kí ẹ wo ara ògiri rẹ̀ tí wọ́n dá ihò sí lára bí iṣẹ́ ọnà, tí ìmọ́lẹ̀ ń yọ́ gbà wọlé láìmú ooru dání. Ní Yunifásítì Ifẹ̀, Arieh Sharon, ayàwòrán ilé ará Ísírẹ́lì, ya ilé tí àjà òkè rẹ̀ yọ síta ju ti ìsàlẹ̀ lọ, kí òjìji òkè lè bo fèrèsé ìsàlẹ̀. Demas Nwoko tiwa náà, tó kọ́ ilé ìjọsìn àwọn Dominican ní Ìbàdàn, ni wọ́n fún ní ẹ̀bùn tí wọ́n ń pè ní Kìnnìún Wúrà níbi àfihàn iṣẹ́ ilé yíyà ní Venice ní 2023. Ìmọ̀ wà nílẹ̀ kí wọ́n tó bí ọ̀pọ̀ nínú yín.

Ìdí tí n ò fi lè dákẹ́ mọ́ ni ọmọ ọmọ mi. Iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba ló ń lọ, fèrèsé wọn sì jẹ́ ti pákó. Bí òjò bá ń bọ̀, wọ́n á pa á dé, torí pé bí wọn ò bá pa á dé, omi á wọlé. Bí wọ́n bá ti pa á dé, yàrá á ṣú, tíṣà á ní kí wọ́n gbé orí lé tábìlì títí òjò á fi dá. Ẹ̀yin náà mọ bí òjò oṣù Kẹfà ṣe máa ń pẹ́ tó. Ọmọ náà sọ fún mi pé òun fẹ́ràn òjò torí pé wọn kì í kàwé nígbà òjò. N ò lè rẹ́rìn-ín sí ọ̀rọ̀ náà.

Nítorí náà, ẹ̀bẹ̀ mi nìyí. Bí àwòrán bá dé iwájú yín, ẹ fi ìka tọ yàrá kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì bi ẹni tó yà á léèrè: bí kò bá sí iná ní aago méjìlá ọ̀sán, ṣé ènìyàn lè ka Bíbélì tàbí Kùránì níbí? Bí kò bá lè ṣe é, ẹ dá bébà náà padà. Bí ọ̀nà bá la àárín ilé kọjá, kí ojú ọ̀run hàn síbẹ̀ níbì kan. Fèrèsé tó kọjú sí ògiri aládùúgbò, tí kò jìnnà sí i ju gígùn apá ènìyàn kan lọ, ẹ má kà á mọ́ fèrèsé, bó ti wù kó fẹ̀ tó lórí bébà. Ẹ dìde lórí àga, kí ẹ lọ wo ilẹ̀ náà fúnra yín. Ìwé òfin ìkọ́lé ti ìjọba àpapọ̀ ti wà láti 2006, ẹ̀yin lẹ kà á, èmi kọ́. Ẹ sì bẹ̀rẹ̀ láti ara ilé ìjọba, ìyẹn yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ àti ọjà tuntun tí ẹ̀ ń kọ́, kí onílé tó máa sọ pé ìjọba náà ò ṣe é.

Ṣọ́ọ̀bù mi ń ṣí láti aago mẹ́jọ àárọ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá wà ní Ìbàdàn, ẹ wá bá mi lọ́sàn-án ọjọ́ iṣẹ́ kan, ẹ má sọ fún mi tẹ́lẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ wọ ṣọ́ọ̀bù tó kọjú sí tèmi, tí wọn ò tíì dá ihò sí lókè, kí ẹ ní kí wọ́n pa iná. Lẹ́yìn náà, kí ẹ wá bá mi. Màá fún yín ní òwú dúdú àti òwú aláwọ̀ aró, màá sì fi abẹ́rẹ́ lé yín lọ́wọ́.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,
Ìyá aránṣọ kan ní Ìbàdàn